Ẹni Tó Ń Kí Mi Pé Ó Dàárọ̀

Ní Brandon, ní Manitoba, ọdún kejì tí mo dé,
yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni mo háyà lọ́wọ́ Ìyá Hawryluk,
opó ará Yukréènì tó máa ń fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ din àlùbọ́sà
títí òórùn rẹ̀ á fi wọ ìwé mi, tí á wọ kóòtù mi,
tí á bá mi dé kíláàsì.

Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà nílé náà, ní pálọ̀ òkè,
onípákó, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó wúwo bí àpótí ìyàwó.
Alaalẹ́ ni mo ń gòkè lọ bá wọn.
Kì í ṣe torí eré.
Ìparí ni mo ń dúró dè.

Bó bá ku díẹ̀ kí aago kan òru lù,
ọkùnrin kan a sọ̀rọ̀ láìfojú hàn, ohùn lásán:
a ka orúkọ ilé iṣẹ́ wọn, a ka àdírẹ́sì,
a ka bí òpó wọn ṣe ga tó, bí iná rẹ̀ ṣe lágbára tó,
bí ẹni ń ki irin ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá.
Lẹ́yìn náà, "Ó dàárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa."

Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Níbi tí mo ti wá, a ń kí ẹni tó jókòó, a ń kí ẹni tó dúró,
a ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun.
Ní Brandon, mo lè lo ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnìkan tó kí mi.
Òun nìkan ló ń kí mi kí n tó sùn.
Mo sì ń dá a lóhùn, lábẹ́ èémí,
kí Ìyá má baà gbọ́.

Orin orílẹ̀-èdè a wá bẹ̀rẹ̀.
Àsíá, ilé ọkà gíga lẹ́bàá rélùwéè,
odò Assiniboine,
ọmọbìnrin kan tó ń sáré lọ nínú koríko.
Ìyá Hawryluk a dìde,
nínú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, ọwọ́ kan lórí àga,
orúnkún rẹ̀ a ró bí igi gbígbẹ,
a dúró ṣánṣán títí orin á fi tán.
N kò bi í. Òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan:
"Níbi tí mo ti wá, ìlẹ̀kùn ni wọ́n ń gbá lóru.
Níbí, wọ́n ń sọ fún ọ pé àwọn ń lọ."

Lóru ọjọ́ yẹn, mo dìde pẹ̀lú rẹ̀.
Kò wò mí.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, pẹrógì mẹ́sàn-án ló wà nínú àwo mi,
mẹ́fà ló máa ń jẹ́.

Lẹ́yìn orin, ṣààà.
Yìnyín inú gíláàsì, yìnyín ojú fèrèsé,
o ò ní mọ èyí tó ń rọ̀ sínú èkejì.
Bílẹ̀ bá ṣú, à fọmọ ayò fáyò:
Ìyá a nawọ́ pa á,
ìmọ́lẹ̀ a súnkì, a súnkì, a di ojú abẹ́rẹ́.
Aago mẹ́fà àárọ̀, òpó a tún jí:
orin kan náà, àsíá kan náà,
lẹ́yìn rẹ̀ iye owó bálì, iye owó ẹlẹ́dẹ̀.

Mo pàdé ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan. Dwayne Pelletier.
Nílé ìtajà ni, ó ń yẹ ẹyin wò bóyá ó ti sán.
Ènìyàn kúkúrú, okùn bàtà rẹ̀ kan ti tú.
Ó béèrè ibi tí bọ́tà wà, mo dá ohùn rẹ̀ mọ̀,
ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu mi: "Ó dàárọ̀ o!"
Aago mẹ́wàá òwúrọ̀.
Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Nísinsìnyí, Mofiyìn ọmọ ọmọ mi, ní Winnipeg,
di fóònù mú ní aago mẹ́ta òru, ojú rẹ̀ ń tàn búlúù.
Mo ní, "Ìgbà wo ló máa ń parí?"
Ó ní, "Kí ló máa ń parí, Bàbá?"

Mo pa iná pálọ̀.
Mo dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ọwọ́ kan lórí rẹ̀.
Orúnkún tèmi náà ti ń ró.
Ọmọbìnrin inú koríko yẹn, ibo ló ń sáré lọ?
N kò rántí bóyá wọ́n jẹ́ kó débẹ̀ rí
kí àwòrán tó já.